Abẹ́rẹ́ fítámì tí ẹ ń gún fúnra yín nílé: bí kò ṣe ní máa ro yín, tí ojú ibẹ̀ kò sì ní máa dúdú

Àwọn tí dókítà ti fún ní abẹ́rẹ́ fítámì láti máa gún fúnra wọn nílé pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni itan máa ń ro di ọjọ́ kẹta, tí ojú abẹ́rẹ́ á wú, tí awọ ibẹ̀ á dúdú, tí wọn ò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ mìíràn bá wá kò, ara wọn á ti máa gbọ̀n kí wọ́n tó ṣí páálí oògùn. Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ yẹn ló le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ti ẹni tó ń gún un, tí ẹ tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó wá ń fi abẹ́rẹ́ tọ́ awọ wò, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé tán, ó fẹ́ kó tètè parí, ó sì da gbogbo oògùn náà sínú ẹran lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti dorí iṣẹ́ náà kodò. Abẹ́rẹ́ ló yẹ kó yára wọlé. Oògùn ló yẹ kó rọra wọlé. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú ìrora yẹn ti ń wá. Ìyókù wà nínú àwọn nǹkan kéékèèké tí à ń fò kí abẹ́rẹ́ tó kan ara, àti lẹ́yìn tó bá ti jáde.

Fítámì B12 ni mo ní lọ́kàn jù, torí òun ni dókítà sábà máa ń gbà kí ènìyàn máa gún fúnra rẹ̀. Oògùn pupa ni, ó ṣàn bí omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní hydroxocobalamin, inú ẹran ni à ń gún un sí. Cyanocobalamin, irú B12 mìíràn, lè wọ inú ẹran, ó sì lè wọ ọ̀rá abẹ́ awọ. Ohun tí dókítà bá kọ sínú ìwé yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ yín ń ṣe.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe nílé

Bí kò bá sí dókítà tó kọ oògùn náà fún yín, tí nọ́ọ̀sì kankan kò sì tíì wò yín bí ẹ ṣe ń gún un, ẹ dúró ná. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti gbà á, torí bí ara yín bá máa kọ oògùn náà, ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà ni kó ti kọ̀ ọ́.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi fítámì kankan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ nílé. Abẹ́rẹ́ fítámì B1 àti ti fítámì K lè mú kí ara ẹlòmíràn kọ̀ lójijì lọ́nà tó lè pa á, nítorí náà ilé ìwòsàn ni ààyè wọn.

Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin, clopidogrel, rivaroxaban tàbí apixaban, tàbí tó ní àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, kò gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ sínú ẹran láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun nínú ẹran lọ́hùn-ún tí ẹ ò ní rí i. Dókítà lè ní kí ẹ máa gún un sí abẹ́ awọ, ó sì lè fún yín ní oògùn oníhóró. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí abẹ́rẹ́ ń dẹ́rù bà béèrè nípa oníhóró yìí lọ́wọ́ dókítà rẹ̀: B12 tí ìwọ̀n rẹ̀ ga, máíkírógíráámù 1000 sí 2000 lóòjọ́, máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ kankan ò sì ní sun níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tó mọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń dìde wá òwú nígbà tí abẹ́rẹ́ ti wà ní ìhòòhò lọ́wọ́ rẹ̀ ń fa wàhálà.

- Oògùn náà. Ẹ ka orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ fi wé ìwé dókítà.
- Sìríńjì tuntun kan, ti mílílítà 2 tàbí 3.
- Abẹ́rẹ́ tuntun méjì: ọ̀kan fún fífa oògùn, ọ̀kan fún gígún. Bí oògùn yín bá jẹ́ ti ìgò tí à ń ṣẹ́ lọ́rùn, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tó ní asẹ́ nínú fún fífà, kí èérún ìgò má bàa bá oògùn wọlé.
- Òwú olómi ọtí ìpakòkòrò, èyí tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún.
- Òwú gbígbẹ tàbí aṣọ ìdi-egbò tó mọ́, àti pílásítà kékeré.
- Ike líle tó ní ìdérí fún abẹ́rẹ́ tí a ti lò.
- Ìwé àjákọ àti bírò.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gba àlàyé díẹ̀. Nọ́ńbà gééjì tó wà lára rẹ̀, bó bá ṣe pọ̀ tó ni abẹ́rẹ́ ṣe tín-ín-rín tó: 25 tín-ín-rín ju 23 lọ, 23 sì tín-ín-rín ju 21 lọ. Fún oògùn tó ṣàn bíi B12, gééjì 23 tàbí 25 máa ń tó fún inú ẹran. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 25. Ẹni tó bá sanra lè nílò 38. Fún abẹ́ awọ, gééjì 25 tàbí èyí tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, gígùn mìlímítà 13 sí 16. Nọ́ọ̀sì tó ti rí itan yín ló máa sọ èyí tó bá yín mu.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í ṣe: wọ́n á lọ ra abẹ́rẹ́ kúkúrú, wọ́n rò pé ìrora rẹ̀ á kéré. Abẹ́rẹ́ kúkúrú kì í dé inú ẹran. Oògùn á dúró sínú ọ̀rá, á di kókó, kókó yẹn á sì máa ro fún ọjọ́ púpọ̀. Sísanra abẹ́rẹ́ ni kí ẹ dín kù, ẹ fi gígùn rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ojú ibi tí ẹ máa gún

Itan ló dára jù fún ẹni tó ń dá ara rẹ̀ gún, torí ẹ lè rí i, ọwọ́ yín sì tó o. Ẹ jókòó. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan sí òkè orúnkún, ẹ tẹ́ ìkejì sí ìsàlẹ̀ ibi tí itan ti pàdé ìbàdí. Ààyè tó kù láàárín ọwọ́ méjèèjì ni tiyín. Ẹ wá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀, ìhà tí ọwọ́ yín máa ń kàn bí ẹ bá dúró tí ẹ sì ju apá sílẹ̀. Ẹ má gún ẹ̀gbẹ́ inú itan láé, torí ibẹ̀ ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá àti iṣan ìmọ̀lára kọjá sí.

Ìdí ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lára gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, ẹni tó ń yí ọrùn wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ kò sì lè mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí dára gan-an, kì í sì í ro púpọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wọn ibẹ̀. Èjìká kéré, kò gbà ju mílílítà 1 lọ, ó sì ṣòro láti fi ọwọ́ kan ṣoṣo gún un dáadáa. Fún abẹ́ awọ, ikùn dára, bí ẹ bá ti jìnnà sí ìdodo tó sẹ̀ńtímítà 5.

Ẹ máa pààrọ̀ ẹsẹ̀: ọ̀tún lónìí, òsì nígbà tó ń bọ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí, àmọ́ ẹ wo itan ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń dúdú ṣáá. Itan ọ̀tún á ní àpá tó ti ń di àwọ̀ ewé, èyí tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti tuntun tó dúdú, gbogbo wọn ní ojú kan náà. Itan òsì á mọ́ lóló. Ibi tó rọ ọwọ́ lọ́rùn ló ń padà sí, ẹran ibẹ̀ kò sì ráyè san. Ó kéré tán, ẹ fi ìbú ìka méjì jìnnà sí ojú abẹ́rẹ́ tó kọjá. Ẹ yẹra fún ojú àpá, ibi tó wú, ibi tó dúdú, àti ibi tí ẹ bá ti ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ dára: ẹ fi ìka méjì tẹ ibẹ̀ wọlé dáadáa. Kò gbọdọ̀ ro yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ bá kókó kankan pàdé. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà, ẹ sún síwájú tàbí kí ẹ lọ sí ẹsẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí òtútù kúrò lára oògùn

Oògùn tútù máa ń ta nínú ẹran. Bí ó bá wá láti inú fíríìjì tàbí yàrá tó tutù, ẹ di ìgò rẹ̀ mú sínú àtẹ́lẹwọ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má kì í bọ omi gbígbóná, ẹ má sì gbé e sórí iná. Ìmọ́lẹ̀ ń ba B12 jẹ́, ẹ fi sínú páálí rẹ̀ títí di àkókò yìí.

Ẹ fi ìgò náà kan inú ọrùn ọwọ́ yín. Bí ẹ ò bá mọ òtútù lára rẹ̀ mọ́, ó tó. Ẹ tún gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: ó gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, láìsí ohunkóhun tó ń léfòó. Èyí tó bá dàrú, ẹ má lò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fa oògùn, kí ẹ sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ fún 20 ìṣẹ́jú àáyá, títí dé àárín ìka, kí ẹ sì fi ohun tó mọ́ nù ún.

Bí ìgò náà bá jẹ́ èyí tí à ń ṣẹ́ lọ́rùn, ẹ fi èékánná ta orí rẹ̀ kí oògùn tó há sókè lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ wá àmì róbótó kékeré tó wà ní ọrùn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi aṣọ ìdi-egbò dì í mú, kí ẹ sì ṣẹ́ orí rẹ̀ sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá fi ìka lásán ṣẹ́ ẹ máa ń fi gé ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgò olóróbà, ẹ fi òwú olómi ọtí nu ojú róbà náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fa afẹ́fẹ́ tó ṣe déédéé pẹ̀lú oògùn tí ẹ fẹ́ mú, ẹ tì í wọ inú ìgò, ẹ dorí ìgò kodò, kí ẹ wá fa oògùn.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ tí ẹ fi fa oògùn, ẹ jù ú sínú ike líle, kí ẹ fi ìkejì sí i. Abẹ́rẹ́ tó ti gba inú róbà kọjá, tàbí tó ti kan ìsàlẹ̀ ìgò, ẹnu rẹ̀ ti kú. Ojú yín ò lè rí i, awọ yín á mọ̀ ọ́n. Oògùn tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ níta náà á máa ta yín bó bá ṣe ń wọlé.

Ẹ kọ ẹnu abẹ́rẹ́ tuntun náà sókè, ẹ fi ìka ta sìríńjì kí afẹ́fẹ́ gòkè, kí ẹ sì rọra tì í jáde. Ẹ dúró ní kété tí ẹ bá rí omi pupa tó fẹ́ yọ lẹ́nu abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tì í jù, á ṣàn gba ara abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀, òun náà á sì ta yín. Ẹ má fi òwú nù ún. Èéhó tín-ńtín tó bá kù nínú sìríńjì kò léwu nínú ẹran, kí ẹ má bàa máa fi ìdajì wákàtí lé e.

Àyẹ̀wò: ìlà tó wà lára sìríńjì bá ìwọ̀n tí dókítà kọ mu, ara abẹ́rẹ́ gbẹ, ohunkóhun kò sì tíì kàn án. Bó bá ti kan tábìlì tàbí ìka, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sórí ohun tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jókòó, kí ẹ sì dẹ ẹran

Ẹran tó le koránkorán ń ta ko abẹ́rẹ́, ó sì ń ta ko oògùn. Ẹ jókòó lórí àga, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ má fi agbára kankan sí ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ gún. Ẹ má dúró gún itan. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ bó bá rí abẹ́rẹ́, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó fi ìrọ̀rí gbé orí díẹ̀.

Bí ẹ̀rù ìrora bá pọ̀, ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Méjèèjì máa ń dín bí awọ ṣe ń mọ ìrora kù. Àmọ́ kí ẹ tó nu ibẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, torí ìka tó bá kan ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún ti tún un sọ di ẹlẹ́gbin.

Ẹ di itan mú, kí ẹ mì í. Bí ẹran bá ń mì jẹlẹ́jẹlẹ́, ó ti dẹ̀. Bí ó bá le, ẹ mí sínú, ẹ mí síta jẹ́ẹ́ ní ìgbà mélòó kan, ẹ jẹ́ kí èjìká sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún un mì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ nu awọ, kí ẹ sì ní sùúrù kó gbẹ

Ẹ fi òwú olómi ọtí nu ibẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, láti àárín lọ síta. Ẹ wá dúró fún 30 mìíràn. Bí mo bá máa sọ ohun kan ṣoṣo tó ń fa ìta yẹn tó máa ń jó ènìyàn bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń wọlé, ọtí tó ṣì tutù lójú awọ ni. Abẹ́rẹ́ á gbé e wọnú ara. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má fi ọwọ́ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi aṣọ nù ún. Gbogbo rẹ̀ ń kó kòkòrò padà síbẹ̀.

Ẹ tẹ orí wo ojú ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dán, kò tíì gbẹ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gún un, kí ó yá

Ẹ di sìríńjì mú bí ẹni di bírò mú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kejì fa awọ ibẹ̀ sí apá kan, bíi sẹ̀ńtímítà 2 sí 3, kí ẹ sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi jáde. Bí ẹ bá ti fi awọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ihò ojú awọ àti ihò inú ẹran kò ní wà lójú kan mọ́, oògùn kò sì ní rí ọ̀nà sun padà wá sábẹ́ awọ, níbi tó ti máa ń ta tó sì ń mú kí ojú ibẹ̀ yí àwọ̀ padà. Àwọn tí mo rí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí kì í fi í sílẹ̀ mọ́.

Ẹ mí síta. Bí èémí bá ṣe ń jáde, ẹ gún un tààrà, lóòró gangan sí awọ, ní ìgbà kan, láìdúró láàárín. Kò gba agbára. Yíyára ló gbà. Tí abẹ́rẹ́ bá rọra ń wọlé, ó ń fa awọ lọ kó tó gé e, gbogbo ìfà yẹn ni ara ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ ṣẹ́kù síta.

Fún abẹ́ awọ, ọ̀nà mìíràn ni: ẹ fi ìka méjì gbá awọ àti ọ̀rá jọ, kí ẹ gún un ní ìdábùú díẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe fi hàn yín. Ẹ má fa awọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ṣé kí ẹ fa sìríńjì sẹ́yìn láti wo ẹ̀jẹ̀? Ohun tí nọ́ọ̀sì yín kọ́ yín ni kí ẹ ṣe. Ní ìta itan, kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, fífà náà sì ń mi abẹ́rẹ́ nínú ẹran. Ẹ rántí pẹ̀lú pé B12 fúnra rẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kì í sì í rọrùn láti rí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó wọlé bí èéfín dúdú, ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú oògùn àti abẹ́rẹ́ tuntun ní ojú ibòmíràn.

Ìkìlọ̀: bí ìrora kan bá já lọ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bí iná mànàmáná, tàbí tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ má ti oògùn wọlé. Iṣan ìmọ̀lára ni ẹ kàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ rọra ti oògùn wọlé

Mílílítà 1, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ kà á sókè bó bá wù yín: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ẹẹ́wàá, láìkánjú. Oògùn ń la ẹran níyà kó tó ríbi jókòó sí ni. Bí ẹ bá dà á lójijì, ẹran á ya ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn lẹ máa gbọ́ ní alẹ́.

Ọwọ́ tó ń mì ló ń fa dúdú jù. Bí àtàǹpàkò bá ṣe ń tì, ẹnu abẹ́rẹ́ náà ń jó nínú ẹran, ó ń gé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ á sì sun. Ẹ fi ìdí ọwọ́ ti itan kí ọwọ́ lè rí ibi fara tì.

Tí oògùn bá ti tán, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ ka ẹẹ́wàá mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tẹ ojú ibẹ̀

Ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde ní ọ̀nà tààrà tó gbà wọlé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi awọ sílẹ̀. Ẹ gbé òwú gbígbẹ lé e, kì í ṣe olómi ọtí, torí ihò ti wà níbẹ̀ báyìí, ọtí á jó o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, láìṣí i wò láàárín. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí dókítà sì ti yọ̀ǹda abẹ́rẹ́ fún, kó tẹ̀ ẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán.

Ẹ má fi ọwọ́ ra á! Mo mọ̀ pé ó ti mọ́ wa lára, àwọn àgbà á ní kí á ra á kí oògùn lè tàn. Ẹran ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ nínú, oògùn á tàn fúnra rẹ̀. Ríra ń já ẹ̀jẹ̀ tó ń gbìyànjú láti dì, ó sì ń ti oògùn padà sí abẹ́ awọ.

Ẹ sọ abẹ́rẹ́ náà sínú ike líle lójú ẹsẹ̀ láìdé e padà, torí ibi dídé ni ọ̀pọ̀ ti ń gún ìka. Bí ike náà bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa, kí ẹ béèrè ibi tí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtajà oògùn ti ń gbà á.

Ẹ gbé òwú kúrò, kí ẹ wò ó. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré kan kì í ṣe nǹkan. Bí omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bá jáde, oògùn díẹ̀ ló sun padà. Ẹ má gún òmíràn láti fi dí i. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fa awọ dáadáa, kí ẹ sì dúró pẹ́ sí i kí ẹ tó yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Wákàtí àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e

Ẹ má dá wà nílé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, pàápàá bí oògùn náà bá ṣì jẹ́ tuntun sí yín. Ẹ rìn káàkiri díẹ̀, kí itan má bàa gan. Bó bá wú, ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tún un ṣe nígbà mìíràn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa ṣe yín lóore jù. Tí ẹ bá nílò oògùn ìrora, paracetamol, bó bá jẹ́ èyí tí ara yín gbà, dára ju aspirin tàbí ibuprofen lọ, torí àwọn méjèèjì yìí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì. Bí dókítà bá ti ń fún yín ní aspirin nítorí ọkàn, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró nítorí abẹ́rẹ́ fítámì.

Ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ máa ń pọ́n tàbí kó dúdú ní àkọ́kọ́, á di àwọ̀ ewé, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì lọ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lára ẹni tó dúdú, àwọn àwọ̀ yìí kì í hàn kedere. Ojú ibẹ̀ kàn máa dúdú ju ara tó yí i ká lọ. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó: ṣé ó gbóná? Ṣé ó ń tóbi sí i?

Bí ó bá ṣì ń ṣe yín

Ìwé àjákọ yẹn ni ká lò. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, ẹsẹ̀ tó jẹ́, àti ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń sọ ìdí rẹ̀.

Èyí tó bá ń ta bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń wọlé: ọtí kò gbẹ, abẹ́rẹ́ ti kú lẹ́nu, tàbí ọwọ́ falẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oògùn ń wọlé: oògùn tutù, ẹran le, tàbí ẹ tì í yára jù. Ẹ fi sọ́kàn pé àwọn àpòpọ̀ fítámì B kan máa ń ta fúnra wọn bó ti wù kí ẹ ṣe é tó, apòògùn yín lè sọ bóyá irú rẹ̀ ni tiyín. Ìrora tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì ló ń wá, tó ń ní kókó, ẹ wo gígùn abẹ́rẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ojú kan náà ni ẹ ń gún. Dúdú láìsí ìrora, ó sábà máa ń jẹ́ pé abẹ́rẹ́ mì, tàbí pé ẹ ò tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí dúdú bá ń jáde níbi tí abẹ́rẹ́ kò kàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní erìgì tàbí imú, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bí ẹ ṣe ń gún un, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìgbà tí kò sí ìdúró mọ́

Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà bí ojú ibẹ̀ bá ń gbóná, tó ń pọ́n, tó sì ń tàn kálẹ̀, bí ọyún bá ń jáde, bí ibà bá mú yín, bí kókó bá ń tóbi lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tàbí bí ẹsẹ̀ bá kú tí kò sì là.

Bí ojú, ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, tí ọ̀fun ń fún, tí èémí kò já gaara, tí ara sú lójijì, tàbí tí òòyì ń gbé yín lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí bá ni ìṣòro jù, kó jókòó. Kó má dìde rìn. Kí ẹni tó bá wà nítòsí mú ìgò oògùn náà dání lọ, kí àwọn tó máa tọ́jú rẹ̀ lè ka orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀.